Rélùwéè Kò Dé Ẹ̀fọ̀n

Rélùwéè kò dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí.
Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ fèrè rẹ̀, Òṣogbo ni yóò sọ̀ lọ,
kó gba Èrìn, kó gba Iléṣà, kí eruku kó sí i lójú.
Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí a kọ́ fún àlejò
ọkọ mi ti tẹ́ irin gba abẹ́ fèrèsé,
ó gba ẹ̀yìn àpótí aṣọ mi, ó yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì po,
ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Dábì ló ti kó àrùn náà,
nígbà tó háyà yàrá lẹ́yìn ojú irin
tí pákó ibùsùn rẹ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo òru.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó fíríìjì bọ̀, wọ́n kó kóòtù bọ̀.
Ẹkúndayọ̀ gbé páálí bàtà kan wálé,
ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé kan ló wà níbẹ̀,
kò gùn ju ṣùkù àgbàdo lọ,
ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun.
Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wò mí,
ó ní, "Ọdún méje! Ṣé èyí náà lo rí rà?"

Wọ́n ti di mọ́kànlélógún báyìí.
Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ewúrẹ́ agboolé:
dúdú tí ń fa èédú, pupa tí ń kó lẹ́tà,
aláwọ̀ búlúù tó jẹ owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì.
Ó purọ́ iye rẹ̀ fún mi. Mo rí rìsíìtì nínú Bíbélì.
Ó fi ògì gbígbóná lẹ ìwé ìròyìn, ó mọ òkè,
ó kùn ún, ó dá ihò sí i láàárín.
Olóyè Fátúnlà wá kí wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí:
"Òkè tiwa rèé. Ta ló fún ọ láṣẹ láti lu ú?"
Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́,
ó fi ìgò ọtí kan san ìtanràn.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ń gbéra,
kì í ṣe mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́rin ààbọ̀.
Àwọn ọmọ àdúgbò á ti tò sẹ́nu ọ̀nà,
àwọn tí ń pe ilé ní "ulé", wọ́n á máa pe ibùdókọ̀:
Kúrúù! Yọ́ọ̀kì! Dónkásítà!
Bí iná bá lọ, ọkọ̀ a dúró gbọnrangandan nínú ihò,
ọkọ mi a ṣí fìlà:
"Ẹ̀yin èrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀."
Ó lè di ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó sọ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀, mo fi awò ìkàwé wo àwọn èrò.
Aláwọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n nínú ike tí wọ́n bá wá;
ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Obìnrin kan dá dúró ní ìkángun pèpéle.
Ìró rẹ̀ aró, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ létí.
Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.
Ìró yẹn ni mo ró lọ Òṣogbo lọ́jọ́ tó ń bọ̀ láti Èkó,
tí ọkọ̀ pẹ́ ọjọ́ kan àti òru kan,
tí mo fi mọ́ínmọ́ín tí mo sè fún un bọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
N kò mọ̀ pé ó rí aṣọ náà rárá.

N kò bi í. Mo fi ìyẹ́ adìẹ nu eruku orí obìnrin náà,
mo fi í síbi tí mo ti bá a.
Nígbà tó di mẹ́rin kọjá mẹ́tàdínlógún
mo gbé àga tèmi wọlé.
Ọkọ̀ jáde nínú òkè, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀,
ó kọjá lára rẹ̀, kò dúró.
"Má bínú," ọkọ mi ní, kò wo ojú mi,
"bíréèkì rẹ̀ ni mo ṣì ń tún ṣe."